Pílásítììkì tó fara pamọ́ nínú ohun èlò ilé

Pílásítììkì tó fara pamọ́ ni orúkọ tí a lè pe gbogbo ike tó wà nínú ohun èlò ilé, ṣùgbọ́n tí ojú kò tètè rí tàbí tí ènìyàn kì í kà sí ike. Ó wà nínú aṣọ, nínú àpò tíì, nínú agolo, nínú ife tó jọ bébà, nínú irun àtọwọ́dá, nínú páàdì àti nínú ọ̀dà ara ògiri. Ó yàtọ̀ sí korobá, ìgò omi àti ọ̀rá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹni tó fẹ́ dín ìlò pílásítììkì kù lè kọ ọ̀rá lọ́jà, ṣùgbọ́n kò lè yẹra fún èyí tí kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ibi tí irú pílásítììkì bẹ́ẹ̀ ń gbé, bí ó ṣe ń bọ́ sínú oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́, ohun tí ìwádìí ti fi hàn nípa rẹ̀, àti bí ìdílé kan ṣe lè dín in kù. Ọ̀fà, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwárà, àti àwọn ìlú tó yí i ká ni a ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú rẹ̀.

Ìtumọ̀ àti orúkọ

Pílásítììkì ni ohun tí a fi àwọn èròjà kéékèèké tó so mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n gígùn ṣe, tí a sì lè tẹ̀ tàbí fà sí ìrísí tó bá wù wá. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni a ti ń rí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ní ọdún 1907, Leo Baekeland ṣe Bakelite, èyí tí a kà sí pílásítììkì àkọ́kọ́ tí kò ní èròjà àdánidá nínú. Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe alábàápàdé polyethylene, èyí tí a fi ń ṣe ọ̀rá lónìí.

Ní èdè Yorùbá, ike tàbí róbà ni à ń pe èyí tó le, ọ̀rá tàbí láílọ́ọ̀nù ni à ń pe èyí tó fẹ́lẹ́, fóòmù sì ni à ń pe èyí tó fúyẹ́. Aṣọ polyester, ní tirẹ̀, aṣọ lásán là ń pè é. Ìyàtọ̀ orúkọ yìí wúlò lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ń bo ìbátan wọn mọ́lẹ̀. PET tí a fi ń ṣe ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò náà ni a ń fà bí òwú láti fi hun aṣọ polyester. Polypropylene tí a fi ń ṣe ìdérí ìgò náà ni a fi ń hun àpò ìrẹsì àti ẹní oníke, òun náà ló sì wà ní ìhà tó kan ara nínú pámpáàsì ọmọ. Ẹni tó sọ pé òun kò lo ike lè wọ ike sọ́rùn.

Èérún pílásítììkì ni a ń pe ohun tó bá rún kúrò lára wọn tí kò gùn tó mìlímítà márùn-ún. Ní ọdún 2004 ni Richard Thompson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde tó sọ orúkọ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Bí ó ṣe wọ ilé

Ọ̀fà wà lójú ọ̀nà reluwé tó lọ láti Èkó sí Kánò, ọjà sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá tipẹ́tipẹ́. Kí ike tó gbòde, ewé ni a fi ń dì oúnjẹ, igbá ni a fi ń bù ú, ìkòkò amọ̀ ni a fi ń tọ́jú omi, agbọ̀n ni a ń gbé lọ sọ́jà, ẹní tí a fi koríko hun ni a sì ń tẹ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò ní Dada, ní agbègbè Òkèlele ní Ìlọrin, ṣì ń mọ ìkòkò títí di òní.

Ike gba ipò wọn nítorí pé ó fúyẹ́, kì í tètè fọ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni omi inú ọ̀rá, tí a mọ̀ sí píọ̀ wọ́tà, ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà, bí Ọ̀fà tí ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic sílẹ̀ sí ní ọdún 1992, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í dáná lójoojúmọ́. Inú ọ̀rá tàbí fóòmù ni wọ́n ti ń gba oúnjẹ gbígbóná. Bí ike ṣe ń pọ̀ sí i lójú ni ó ń wọ inú ohun tí kò jọ ike rárá.

Ibi tí ó ń fara pamọ́ sí

Ilé ìdáná

Mọ́ínmọ́ín ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ni jù lọ. Ewé eéran, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Thaumatococcus daniellii, ni a fi ń dì í láti ayébáyé. Lónìí, ọ̀pọ̀ alásè ń da ẹ̀wà lílọ̀ náà sínú ọ̀rá, wọ́n á so ó, wọ́n á sì sè é títí yóò fi jinná. Àwọn mìíràn ń fi ọ̀rá bo ojú ìrẹsì nínú ìkòkò kí ooru má baà jáde. Ọ̀rá náà kò pamọ́ nígbà tí a ń sè é, ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ bá dé inú àwo, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ ohun tó bá a gbé lórí iná.

Àwọn mìíràn pamọ́ ju ìyẹn lọ:

• Àpò tíì: òmíràn jẹ́ àwọ̀n tí a fi láílọ́ọ̀nù tàbí PET hun. Àwọn tó jọ bébà pàápàá lè ní fọ́nrán polypropylene nínú, èyí tí a fi ooru lẹ̀ ní etí.
• Agolo: irin ni lóde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni a kùn nínú pẹ̀lú èròjà pílásítììkì kí tòmátò tàbí ẹja má baà jẹ irin náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi èròjà tí a ń pè ní BPA ṣe ìkùn yìí.
• Ife bébà: bébà lásán kò lè gba omi gbígbóná dúró. Polyethylene fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sábà máa ń bo inú rẹ̀.
• Àpò pélébé tí mílíìkì àti kòkó máa ń wà nínú rẹ̀: ó ń dán bí irin, ṣùgbọ́n ìpele ike ni a fi bo fẹ́ẹ́lẹ́ irin náà.
• Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́: PTFE, tí a ṣàwárí ní ọdún 1938, ni a fi ń kun inú rẹ̀. Pílásítììkì ni òun náà.
• Ṣingọ́ọ̀mù: ohun tó kù lẹ́nu lẹ́yìn tí adùn rẹ̀ bá tán sábà máa ń jẹ́ àdàlù pílásítììkì àti róbà àtọwọ́dá.

Aṣọ àti irun

Aṣọ òkè àtijọ́ jẹ́ òwú tí a fi ọwọ́ ran. Sányán sì wá láti inú ìtẹ́ kòkòrò tó ń hun sílíìkì nínú igbó. Nínú aṣọ òkè tí àwọn ahunṣọ ń hun lónìí ní Ìlọrin àti Ìsẹ́yìn, fọ́nrán tó ń dán yinrinyinrin sábà máa ń jẹ́ ike tó fẹ́lẹ́ gan-an tí a bu irin sí lára. Polyester wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì, híjáàbù, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, léèsì àti ẹní ìkírun. Acrylic ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ súwẹ́tà àti fìlà òtútù.

Irun àtọwọ́dá tí àwọn onídìrí ń fi kún irun náà jẹ́ fọ́nrán pílásítììkì. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà: bí onídìrí bá fi iná kan ṣóńṣó rẹ̀, yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀. Irun ènìyàn kì í yọ́. Ńṣe ló máa ń jó.

Ìwẹ̀ àti ìmọ́tótó

Kànrìnkàn ìbílẹ̀ wá láti ara igi. Èyí tó jọ àwọ̀n, tó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀, jẹ́ láílọ́ọ̀nù. Láti ọdún 1938 ni a ti ń fi láílọ́ọ̀nù ṣe irun búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, nígbà tí orín kò ní ju igi lọ. Nínú páàdì àti pámpáàsì, ohun tó rọ̀ bí òwú lè jẹ́ polypropylene, abẹ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí omi jò jẹ́ polyethylene, èròjà tó ń fa omi mu nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú pílásítììkì mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìnujú tútù tí a ń fi nu ìdí ọmọ kì í ṣe òwú. Àwọn ọṣẹ àti ìpara kan ti ní ìlẹ̀kẹ̀ pílásítììkì wínníwínní nínú, èyí tí a ń lò láti fi bó èérí ojú.

Inú yàrá

Ọ̀dà olómi tí a fi ń kun ògiri ní pílásítììkì nínú, òun ló ń jẹ́ kí ó di mọ́ ara ògiri. Kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnnì àti tìmùtìmù ń rún díẹ̀díẹ̀, èérún wọn sì ń bá eruku ilẹ̀ rìn. Ìdí sìgá tó jọ òwú náà jẹ́ irú pílásítììkì kan tí a ń pè ní cellulose acetate.

Bí ó ṣe ń bọ́ sára

Kì í ṣe gbogbo ike tó wà nílé ló ń bọ́ sínú oúnjẹ lọ́nà kan náà. Ohun mẹ́rin ló máa ń mú un tú: ooru, epo, ìfọ́nra àti oòrùn. Ooru ń mú kí ẹ̀wọ̀n èròjà rẹ̀ dẹ̀. Epo ń fa àwọn èròjà àfikún kan jáde ju omi lọ. Fífọ̀ àti gígé ń rún un, oòrùn sì ń mú kí ó gbẹ kí ó sì ṣá.

Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì McGill ní Kánádà kó àpò tíì oníke sínú omi tó gbóná tó ìwọ̀n 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n rí i pé àpò kan ṣoṣo tú nǹkan bíi bílíọ̀nù 11.6 èérún sínú ife, yàtọ̀ sí bílíọ̀nù 3.1 mìíràn tó tún kéré ju ìyẹn lọ. Ní ti aṣọ, ìwádìí Yunifásítì Plymouth ní ọdún 2016 fi hàn pé fífi ẹ̀rọ fọ aṣọ acrylic tó wúwo tó kílógíráàmù mẹ́fà lè tú fọ́nrán tó lé ní 700,000 sínú omi ìfọṣọ.

Nítorí náà, ike kan náà lè jẹ́ ohun tí kò ṣe nǹkan kan níbì kan, kí ó sì tọ́ sí ìṣọ́ra níbòmíràn. Ìrẹsì tútù nínú àpò rẹ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú àmàlà tó ń hó tí a dì sínú ọ̀rá, tàbí ọbẹ̀ elépo gbígbóná tí a bù sínú fóòmù.

Ìlera

Èérún pílásítììkì ti dé inú ara ènìyàn. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ní Netherlands yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 wò, wọ́n sì rí pílásítììkì nínú ti ènìyàn 17. Ní ọdún 2024, àwọn dókítà ní Ítálì yẹ ọ̀rá tó dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn aláìsàn 257 wò, wọ́n sì rí polyethylene nínú ti àwọn 150. Láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé e, àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní in ju àwọn tí kò ní in lọ. Ìwádìí náà fi hàn pé ohun méjèèjì ń bára wọn rìn, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé pílásítììkì ló fà á.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ pé èérún inú omi mímu ń ṣe ìpalára, ó sì pè fún ìwádìí síwájú sí i. Ọ̀rọ̀ àwọn èròjà àfikún ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. BPA lè ṣe bí họ́mọ̀nù obìnrin nínú ara. Ìdí nìyí tí Àjọṣepọ̀ Yúróòpù fi dẹ́kun lílò rẹ̀ nínú ìgò oúnjẹ ọmọdé ní ọdún 2011, tí wọ́n sì pinnu ní òpin ọdún 2024 láti mú un kúrò nínú ohun tó ń kan oúnjẹ.

Àyíká

Odò Ọ̀yun ni a sé ní Ọ̀fà láti fi ṣe adágún tí ìlú ti ń rí omi fún ìlò ilé àti ilé-iṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a máa kó ohun tó bá wà lójú ilẹ̀ lọ sí ibi tí ilẹ̀ bá dà sí. Omi ìfọṣọ tí a dà sí gọ́tà, ìdí sìgá àti pámpáàsì tó ti ya kò sí lára ohun tí ẹni tó ń ṣa ike tà lè ṣà. Ike tó pamọ́ nílé pamọ́ nínú ìdọ̀tí pẹ̀lú.

Sísun ún kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Èéfín ike ní májèlé nínú, èyí tó ní PVC nínú sì lè tú èròjà tí a ń pè ní dioxin jáde. Fífi ọ̀rá ran èédú nínú àdògán léwu fún ẹni tó ń dáná, ó sì léwu fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin

Rwanda fòfin de ọ̀rá ní ọdún 2008, Kenya àti Benin sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ìfòfindè fóòmù ìdìoúnjẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú àwọn ike mìíràn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2024 pé kí irú ike bẹ́ẹ̀ kúrò ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ìpàdé Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí àdéhùn nípa pílásítììkì, tí a pinnu ní Nairobi ní ọdún 2022, parí ní Geneva ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 láìsí àdéhùn.

Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú òfin wọ̀nyí ń lé ike tí ojú ń rí. Díẹ̀ ló kan èyí tó pamọ́. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2015 mú ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní kúrò nínú ọṣẹ tí a ń fi omi ṣàn kúrò lára, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Láti ọdún 2021, páàdì, ìnujú tútù, sìgá alásẹ́ àti ife àlòsọnù tí wọ́n ní ike nínú gbọ́dọ̀ ní àmì lára ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí yóò sọ fún ẹni tó ń rà á pé pílásítììkì wà níbẹ̀.

Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Níbi tí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò bá sí, àwọn ọ̀nà ìdánwò díẹ̀ wà tí kò gba owó:

• Aṣọ: ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú ní ìta gbangba lórí abọ́ iyanrìn, kí ẹ sì ṣáná sí i. Òwú máa ń jó bí bébà, eérú rẹ̀ a sì rọ̀. Sílíìkì àti irun àgùntàn máa ń rùn bí irun tó jóná. Polyester máa ń yọ́, a sì dì bí kóró líle. Ẹ má ṣe fa èéfín rẹ̀ símú, kí ọmọdé má sì ṣe é.
• Ife bébà àti àpò tíì: ẹ ya á, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ kan. Bébà yóò rún, awọ ike tàbí àwọ̀n yóò sì ṣẹ́ kù.
• Àpò pélébé: ẹ fún un pọ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá tún na ara rẹ̀ padà, ike wà nínú rẹ̀.
• Nọ́ńbà inú onígun mẹ́ta: láti ọdún 1988 ni a ti ń tẹ 1 sí 7 sí ìdí ike. 1 ni PET, 2 àti 4 jẹ́ polyethylene, 3 ni PVC, 5 ni polypropylene, 6 ni èyí tí a fi ń ṣe fóòmù, 7 sì ni gbogbo ìyókù. Irú ike tó jẹ́ ni nọ́ńbà náà ń sọ. Kò sọ pé ó dára fún oúnjẹ gbígbóná.

Ọ̀nà láti yẹra fún un

Ìdílé kan kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò, kò sì pọn dandan. Ibi tí oúnjẹ, ooru àti epo ti pàdé ike ló yẹ kí a kọ́kọ́ mójú tó.

Fún mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, ewé tí a fọ̀ dáadáa tàbí abọ́ irin lè rọ́pò ọ̀rá. Ìdérí tó bá ẹnu ìkòkò mu tàbí ewé lè ṣe iṣẹ́ ọ̀rá lórí ìrẹsì. Ẹni tó ń ra oúnjẹ níta lè gbé kúlà irin tàbí abọ́ tánganran lọ, bí kò bá sì sí, kí ó jẹ́ kí oúnjẹ náà lọ wọ́ọ́rọ́ kí a tó dì í. Ewé tíì tí a sẹ́ pẹ̀lú asẹ́ irin kò nílò àpò. Kí a má ṣe fi ṣíbí irin ha inú páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, kí a má sì gbé e ka iná lófìfo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ. Ó sàn kí a lo èyí tó wà nílẹ̀ pẹ́ ju kí a kó o dànù lọ, nítorí aṣọ polyester tó wà lórí ààtàn kò tíì kúrò láyé. Nígbà tí a bá fẹ́ ra tuntun, a lè yan òwú fún ohun tó ń kan ara àti fún aṣọ ìbùsùn. Kí a fọ aṣọ nígbà tó bá dọ̀tí nìkan, kí a sì fi omi tútù fọ̀ ọ́. Gbígbá ilé lẹ́yìn tí a bá ti wọ́n omi díẹ̀ sílẹ̀, tàbí fífi aṣọ tútù nu ilẹ̀, kì í jẹ́ kí eruku fò sókè. Kànrìnkàn ìbílẹ̀, orín, òwú ìkórun àti aṣọ ìnura onówùú ṣì wà lọ́jà.

Ohun tí kò yẹ kí a gbàgbé

Omi mímọ́ ṣe pàtàkì ju yíyẹra fún ike lọ. Bí omi kànga tàbí odò kò bá ṣeé gbọ́kàn lé, píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára sàn ju omi tó lè fa onígbáméjì, kí a ṣáà má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú oòrùn. Bákan náà ni pé ìkùn inú agolo ń dènà ìbàjẹ́ oúnjẹ, páàdì sì ń jẹ́ kí ọmọbìnrin lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìsí ìfòyà. Ewé ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú: ẹnì kan ní láti ká a, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rá borí ewé.

Ẹrù náà kò yẹ kó wà ní orí ìyá tó ń dáná nìkan. Ẹni tó ń ṣe ọjà ló mọ ohun tó fi ṣe é, ìjọba sì lè pàṣẹ pé kí ó kọ ọ́ sára rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ìdánwò kékeré nínú abọ́ omi tàbí lórí iyanrìn lè fi han ènìyàn ohun tí òun ń rà.